Bẹ́ ẹ ṣe máa lo heat pump inú mọ́tò oníná nígbà òtútù, kí bátìrì má tètè tán

Tó bá ti di November nílùú ọba níbí, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn wa tó ń wa mọ́tò oníná máa ń bi mí: kí ló dé tí mọ́tò tó ń rin máìlì 150 lóṣù July ò fẹ́ pé 110 mọ́, ṣé bátìrì ti kú ni, àbí ẹni tó tà á fáwọn ló lu àwọn ní jìbìtì? Bátìrì ò kú o. Òtútù ni, àti hítà. Fún ẹni tó ń wa mọ́tò nígboro, hítà gan-an ló ń jẹ ibi tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ kó yé yín dáadáa, torí àwọn kan wà tí wọ́n máa ń pa hítà pátápátá tí wọ́n á máa gbọ̀n láti Peckham dé Croydon, àwọn míì á sì yí i dé òpin tí iná á máa tú dà nù. Ẹni tó bá mọ bí heat pump, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kó ooru ìta wọ inú mọ́tò, ṣe ń ṣiṣẹ́ ò nílò láti ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi mọ́tò pẹtiróòlù bẹ̀rẹ̀. Nínú pẹtiróòlù lítà mẹ́ta tẹ́ ẹ bá rà, nǹkan bíi lítà méjì ló ń di ooru lásán, tó ń gba sàléńsà àti rádíétọ̀ jáde, ìyókù ló ń yí táyà. Ooru tó fẹ́ ṣòfò yẹn ni hítà ń lò. Omi gbígbóná tó ti ara ẹ́ńjìnnì wá á gba inú rádíétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, fáànù á fẹ́ ẹ sí yín lára, ọ̀fẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tẹ́nì kankan ò fi ronú nípa hítà rí nínú Corolla. Mọ́tà tó wà nínú mọ́tò oníná kì í ṣòfò bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀, nínú iná 100 tó bá gbà, ó máa ń lo bíi 90 fún iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rà á, ìwọ̀nba ooru tó ṣẹ́ kù ò tó mú ẹsẹ̀ yín gbóná láàárọ̀. Ooru tẹ́ ẹ bá wá fẹ́, inú bátìrì náà ló ti máa jáde, bátìrì kan náà tó fẹ́ gbé yín délé.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Àkọ́kọ́ ni hítà tí wọ́n ń pè ní PTC, iná á wọ inú ẹ̀, á gbóná, ó parí, ìlànà boiling ring náà ni. Iná kilowatt kan tó bá wọlé, ooru kilowatt kan ló máa jáde, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ láéláé. Láàárọ̀ tí gbogbo nǹkan bá ti dì, ó lè fa kilowatt 5 tàbí 6 kí inú mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Èkejì ni heat pump. Heat pump kì í dá ooru sílẹ̀, ńṣe ló ń lọ kó ooru tó ti wà níta tẹ́lẹ̀ wọlé, iná tó ń jẹ dà bí owó alábàárù, kì í ṣe owó ọjà. Nítorí náà iná kilowatt kan lè kó ooru kilowatt méjì sí mẹ́ta wọlé fún yín.

Mo mọ̀ pé ibí yìí lẹlòmíì máa ti ní kí n lọ jókòó, pé ooru wo ló wà níta nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀. Ó wà níbẹ̀ o jàre. Ohun tá à ń pè ní òtútù, òtútù lójú ẹran ara tiwa ni. Kí afẹ́fẹ́ tó lè wà láìní ooru rárá, àfi kó tutù dé máínọ́ọ̀sì 273, òdo dígírì sì jìnnà réré síbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ kò ju pé ooru kì í dá rìn láti ibi tó tutù lọ síbi tó gbóná. Ẹ ní láti gbé e.

Bó ṣe ń gbé e

Fíríìjì ilé yín náà, heat pump ni. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ máa rí i pé ó móoru, ooru tó kó kúrò lára ẹran àti ọbẹ̀ ló ń dà sẹ́yìn yẹn. Ẹ̀rọ A.C. tó wà lára ògiri nílé ní Ìbàdàn náà, ẹni tó bá ti dúró síbi apá tó wà níta rí mọ bí atẹ́gùn tó ń fẹ́ jáde níbẹ̀ ṣe ń jó èèyàn lójú. Tẹ́ ẹ bá wá yí i padà, kó jẹ́ ìta ló ń mú tutù, tó sì ń da ooru sínú, ohun tó wà nínú mọ́tò yín nìyẹn.

Gáàsì kan ló ń yí po nínú páìpù, R-1234yf ló wọ́pọ̀ jù nínú mọ́tò tuntun. Ohun tó fi dára fún iṣẹ́ yìí ni pé ó ti ń hó láti nǹkan bíi máínọ́ọ̀sì 29. Omi ní láti dé 100 kó tó hó, èyí ń hó níbi tí omi ti di òkúta! Nítorí náà, tó bá ń bọ̀ wá sínú rádíétọ̀ iwájú mọ́tò ní olómi, tí pírẹ́ṣọ̀ ẹ̀ kéré, afẹ́fẹ́ ìta tó jẹ́ 2 dígírì péré gbóná gan-an lójú tiẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á sì mú un hó, bó ṣe ń hó ló ń fa ooru ìta mọ́ra. Kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ á wá gba gáàsì yẹn, á fún un pọ̀, gáàsì tí wọ́n bá sì fún pọ̀ á gbóná, ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ bí ìdí pọ́ǹpù ṣe máa ń gbóná. Tó bá ti wá gbóná ju 50 dígírì lọ báyìí, á gba inú rádíétọ̀ mìíràn tó wà nínú lọ́hùn-ún, fáànù á fẹ́ ooru ara ẹ̀ sí yín, òun náà á tutù padà di olómi, á wá gba ojú fáàfù tóóró kan kọjá, pírẹ́ṣọ̀ á jábọ́ lójijì, á tutù nini, á tún forí lé iwájú mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ ni á máa yí títí tẹ́ ẹ fi máa pa á.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. William Thomson, tí wọ́n padà sọ ní Lord Kelvin, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Glasgow, ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1852 pé ẹ̀rọ lè gbé ooru láti ìta wá mú inú ilé gbóná. Ó pẹ́ gan-an kó tó wọ mọ́tò. Renault Zoe àti Nissan Leaf wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e dé ọjà, ní nǹkan bíi 2012 sí 2013, Tesla ò sì fi sínú tiwọn títí di 2020 tí Model Y jáde.

Ó ní ibi tágbára ẹ̀ mọ o. Bí ìta bá ṣe ń tutù sí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ á ṣe máa le sí i fún un. Ní 7 tàbí 8 dígírì, èyí tó dáa lè fún yín ní ìlọ́po mẹ́ta iná tó jẹ. Ní òdo, ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Tó bá fi máa dé máínọ́ọ̀sì 10, ó lè má ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ lọ mọ́, ọ̀pọ̀ mọ́tò á sì ti tan PTC sí i kó bá a dá sí i. Volkswagen lo carbon dioxide, tí wọ́n ń pè ní R-744, nínú heat pump àwọn kan lára mọ́tò oníná wọn tí wọ́n ń pè ní ID., torí pé òtútù tó máa dá R-1234yf lágara ò tíì tó nǹkan lójú tiẹ̀, ṣùgbọ́n pírẹ́ṣọ̀ ẹ̀ lè ju 100 bar lọ, páìpù ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ki gan-an. Èrò tèmi ni pé ojú ọjọ́ ìlú ọba yìí gan-an ló bá heat pump lára mu jù, kódà ju ti Norway tí wọ́n fi ń pọ́n ọn lọ, torí ọ̀pọ̀ ọjọ́ òtútù ní Lọ́ńdọ̀nù, Birmingham àti Manchester, àárín 0 sí 8 ló wà, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ dùn-ún jù nìyẹn.

Ta ló ń jẹ èrè ẹ̀ jù?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ìta wà ní 2 dígírì, tí inú mọ́tò sì ń fẹ́ ooru kilowatt 3. PTC á fa 3. Heat pump tó ń fún yín ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀ á fa 1.2 péré. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 1.8. Tẹ́ ẹ bá wà lórí títì márosẹ̀ M1 tẹ́ ẹ ń lọ ní máìlì 70 ní wákàtí kan, mọ́tò fúnra ẹ̀ á ti máa fa bíi kilowatt 20, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ 1.8 yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ care, ìyẹn títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, tó ń ti ilé bàbá kan lọ sílé ìyá kan láàárín ìgboro, tó jẹ́ pé máìlì 20 ló rìn ní wákàtí kan torí tráfíìkì àti iná ojú títì, mọ́tò tiẹ̀ ò ju kilowatt 5 lọ. PTC á wá bu 3 lé 5 yẹn. Ẹ rí i báyìí pé ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni hítà ń pọ́n lójú jù, ìyàlẹ́nu ló sì máa ń jẹ́ fáwọn èèyàn torí wọ́n rò pé eré sísá nìkan ló ń jẹ bátìrì.

Àmọ́ ẹ má tíì jó. Iṣẹ́ care yẹn kan náà ló lè ba èrè heat pump jẹ́. Tẹ́ ẹ bá wa mọ́tò fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, tẹ́ ẹ wọlé lọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tẹ́ ẹ tún jáde wá wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá padà dé ni inú mọ́tò á ti tutù, ìbẹ̀rẹ̀ ni iná sì ń lọ jù, heat pump ò tíì rí ara ẹ̀ gbé, PTC ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, síìtì tó ń gbóná ló jọ mí lójú ju ohunkóhun lọ. Síìtì kan ò ju watt 50 sí 100 lọ, sítíárì tó ń gbóná ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wé kilowatt 3. Ẹ tan síìtì, ẹ tan sítíárì, ẹ wá dín hítà kù sí 17 tàbí 18, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì yín sára, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ dín nǹkan kan kù.

Ṣé mọ́tò yín tiẹ̀ ní in?

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta mọ́tò gbọ́ láìwádìí, torí mọ́tò méjì tí orúkọ wọn jọ ara lè yàtọ̀ síra. Lára Volkswagen ID.3 ní ìlú ọba, ohun tí èèyàn ń san owó lé ni heat pump, ẹlòmíì san án, ẹlòmíì ò san án. Tesla Model 3 tó jáde ṣáájú àwọn ti 2021 ò ní in. Nínú àwọn mọ́tò míì, èyí tó wọ́n ní in, èyí tó pọ́ọ́kú ò ní in. Ẹ mú VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ dealer ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí wọ́n wo ohun tó bá mọ́tò náà jáde ní ilé iṣẹ́. Ìwé ìpolówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò tó, torí copy and paste lọ̀pọ̀ wọn.

Tẹ́ ẹ bá ti ni ín lọ́wọ́, ẹ lè fojú ara yín rí i. Ní òpin January kan mo jókòó sínú Leaf ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan níwájú ilé wọn, 3 dígírì ló wà níta. A ṣí ojú ibi tó ń fi bí iná ṣe ń lọ hàn, èyí tó ń ya iná mọ́tà sọ́tọ̀, tó ń ya ti climate, ìyẹn hítà àti A.C., sọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe tan hítà sí 20 báyìí, abẹ́rẹ́ climate gòkè lọ sí bíi 4, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí gíláàsì máa fi mọ́ kedere, ó ti wà nísàlẹ̀ 1. Wọ́n bá ní ẹsẹ̀ àwọn ṣì ń dì, wọ́n yí i lọ sí 28, abẹ́rẹ́ tún fò sókè fìrì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a padà sí 20, kẹ́ ẹ tan síìtì." Wọ́n ní, "Síìtì tó ń gbóná wà níbí?" Ọdún kejì tí wọ́n ti ń wa mọ́tò yẹn nìyẹn o. Bọ́tìnnì ẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ wọn.

Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Yíyí hítà lọ sí 28 tàbí sí HI kì í mú inú mọ́tò tètè gbóná bí ẹ ṣe rò, ohun tó ń sọ fún mọ́tò ni pé heat pump nìkan ò lè tó, kó tan PTC. Ẹ fi sí 19 tàbí 20, ẹ tẹ AUTO, ẹ sì fi ọwọ́ yín sílẹ̀.

Alẹ́ àti àárọ̀

Ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí iná ilé mú mọ́tò gbóná kẹ́ ẹ tó jáde, kì í ṣe bátìrì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo mọ́tò oníná ló ní ibi tẹ́ ẹ ti lè sọ àsìkò tẹ́ ẹ fẹ́ jáde fún un, yálà nínú áàpù orí fóònù tàbí lójú dáṣíbọọ̀dù. Tó bá jẹ́ aago 6:30 lẹ ń jáde, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi wáyà ṣájà sílẹ̀ lára ẹ̀ mọ́jú. Ó lè jẹ yúníìtì kan tàbí méjì lára iná ilé, ṣùgbọ́n bátìrì yín á kún bámú nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí ilẹ̀kùn, yìnyín á ti yọ́ kúrò lójú gíláàsì, ibi tí heat pump ti ń ṣe wàhálà jù lọ, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ti sáré kọjá ẹ̀. Mọ́tò oníná kì í yọ èéfín, nítorí náà kò séwu tó bá ń ṣe èyí nínú gáréèjì tí wọ́n tì pa, ohun tẹ́nì kankan ò gbọ́dọ̀ dán wò pẹ̀lú mọ́tò pẹtiróòlù.

Ẹ fiyè sí irú wáyà tẹ́ ẹ ń lò o. Ṣájà ara ògiri ń gbé bíi kilowatt 7 wá, ó tó hítà bọ́. Wáyà tí wọ́n ń kì bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán ò ju 2.3 lọ. Tí PTC bá wá ń fa 5, ibo lẹ rò pé ìyókù á ti wá? Inú bátìrì ni. Mọ́tò tó ní heat pump lè má fa ju 2.3 yẹn lọ tó bá ti kọjá ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ni kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀, bíi ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú, kó máa gbóná díẹ̀díẹ̀.

Bátìrì náà ń gbọ́ òtútù. Tẹ́ ẹ bá lè jẹ́ kí ṣáàjì parí nígbà tó sún mọ́ àsìkò tẹ́ ẹ fẹ́ jáde, ooru tí ṣáàjì fi sára bátìrì á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń lo iná òru tó pọ́ọ́kú tó ń parí ní aago 5, kó ṣètò ẹ̀ kó parí ní 5, kó má jẹ́ aago 1. Bátìrì tó bá tutù jù kì í fẹ́ gba iná tí bíréèkì ń dá padà, ẹ máa ṣàkíyèsí ẹ̀ láàárọ̀ pé tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ̀tù, mọ́tò ò dúró bó ṣe ń dúró lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín wà nítòsí bíréèkì.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé níbi tí kò sí àyè ṣájà, tó jẹ́ pé ojú títì lẹ ń gbé mọ́tò sí, irọ́ ni kí n sọ fún yín pé fífi áàpù mú un gbóná ń dín iná kù. Kò dín in kù, inú bátìrì yín náà ló ń bù ú. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ lè ríran, torí òfin ìlú ọba sọ pé gbogbo gíláàsì gbọ́dọ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó wa mọ́tò, ẹ fi ohun tí wọ́n fi ń ha yìnyín ha ìyókù. Ẹ má da omi gbígbóná sí gíláàsì o, ó lè sán.

Lójú ọ̀nà

Bọ́tìnnì tó ń fẹ́ ooru sí gíláàsì iwájú máa ń kó gbogbo nǹkan ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀m̀púrẹ́sọ̀, PTC, fáànù, nítorí náà bó bá ti mọ́ báyìí kẹ́ ẹ pa á. Tí gíláàsì bá ń kún fún ìrì látinú, tí ẹ̀wù òjò àti bàtà tútù kún inú mọ́tò, ẹ jẹ́ kí A.C. wà ní títàn, bó tilẹ̀ jẹ́ December. Kì í ṣe pé ẹ fẹ́ òtútù, òun ló ń gbẹ omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Bọ́tìnnì tó ń yí afẹ́fẹ́ inú po láìgba ti ìta wọlé máa ń pa ooru mọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti pé mẹ́ta mẹ́rin nínú mọ́tò, èémí yín á bo gíláàsì kí ẹ tó dé igun títì.

Nǹkan kan wà tó máa ń já àwọn èèyàn láyà. Nílùú tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ máa ń lómi báyìí, tó bá wà láàárín òdo sí 5 dígírì, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń dì mọ́ rádíétọ̀ iwájú yẹn torí pé ara ẹ̀ tutù ju ìta lọ, tó bá ti dì mọ́ ọn tó, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè kọjá mọ́. Heat pump á wá dáwọ́ dúró díẹ̀, tàbí kó yí padà, á da ooru síwájú kí yìnyín yẹn lè yọ́. Ẹ máa gbọ́ tí fáànù iwájú ń pariwo hùùù, oru funfun á sì máa jáde láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi á máa kán sílẹ̀. Mo ti rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí bàbá òyìnbó kan sáré jáde wá ń pariwo iná, iná, sí obìnrin tó jókòó sínú mọ́tò tó ń jẹ sáńwíìṣì ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Oru omi lásán ni. Kì í rùn. Tó bá ń rùn bíi rọ́bà tó ń jó, ìyẹn ọ̀rọ̀ míì, ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láti ràn án lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ gbá yìnyín kúrò níwájú mọ́tò àti ewé tó bá kún ìsàlẹ̀ gíláàsì, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́ inú.

Fún ẹni tó fẹ́ lọ lo ṣájà ńlá ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ kọ ibẹ̀ sínú máàpù mọ́tò fúnra ẹ̀, kì í ṣe ti fóònù, torí ọ̀pọ̀ mọ́tò tó bá ti mọ̀ pé ibi ṣájà lẹ ń lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú bátìrì gbóná dè é. Bátìrì tó tutù ò lè gba iná kíákíá láìṣe ara ẹ̀ léṣe, ńṣe ni kọ̀ǹpútà á dín ṣáàjì kù, ohun tó yẹ kó gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á wá gba wákàtí kan. Ní January 2024, nígbà tí òtútù burúkú kan dé Chicago, ibi táwọn èèyàn wa pọ̀ sí dáadáa, ńṣe ni mọ́tò oníná tò lọ rẹrẹẹrẹ níbi ṣájà, bátìrì tó ti tutù jù sì wà lára ohun tó fà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ àti ní Minnesota, heat pump yín á dákẹ́ jẹ́ẹ́ láwọn ọjọ́ tó le jù, PTC lẹ máa gbára lé, nítorí náà ẹ máa ṣáàjì bẹ́ ẹ ṣe dé láti ibi iṣẹ́ nígbà tí bátìrì ṣì móoru, kó má jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Mẹkáníìkì àti owó

Heat pump kan náà ló ń ṣiṣẹ́ A.C. lọ́pọ̀ mọ́tò, tí atẹ́gùn tútù bá ti ń rẹ̀ ẹ́ lóṣù August, ẹ má dúró de December kẹ́ ẹ tó yẹ gáàsì ẹ̀ wò. Ẹ má sì gbé e fún ẹni tó kàn ní ẹ̀rọ rígáàsì. Ọ̀pọ̀ kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ oníná yìí ń lo ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní POE, torí pé kì í jẹ́ kí iná ńlá inú ẹ̀ fara kan ara mọ́tò. PAG ló wọ́pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò pẹtiróòlù. Tí PAG bá gba inú ẹ̀rọ mẹkáníìkì wọlé sínú tiyín, kódà díẹ̀, mọ́tò lè rí i bíi pé iná ń jò, kó kọ̀ láti tan, owó kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ tuntun sì ń dun èèyàn. Ẹ bi í léèrè ní tààrà: "Ẹ̀rọ yín, ṣé ó ní ti mọ́tò oníná lọ́tọ̀?" Tó bá ń wò yín, ẹ máa lọ. Ẹ tún béèrè bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí fún fífọwọ́ kan irú gáàsì yìí. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tẹ́ ẹ bá rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin náà ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ṣé ó wá yẹ kéèyàn san owó lé e nígbà tó bá ń ra mọ́tò? Ó tó bí ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn tí wọ́n ń gbà lé e lórí àwọn mọ́tò kan nígbà tí wọ́n wà ní tuntun. Ẹ rántí 1.8 wa yẹn. Ẹni tó ń ṣáàjì nílé lóru ní bíi pẹ́ńsì 8 fún yúníìtì, nǹkan bíi pẹ́ńsì 14 ló ń jẹ́rè ní wákàtí kan, kó tó kó ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn yẹn jọ padà, mọ́tò á ti gbó. Ẹni tí kò ní ṣájà nílé, tó jẹ́ pé ṣájà ìta ló ń lò ní bíi pẹ́ńsì 70, tó sì ń wà á nígboro fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó lé ní pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì 20 ní wákàtí kan, láàárín òtútù méjì owó ẹ̀ ti wọlé. Tó bá jẹ́ tokunbo lẹ fẹ́ rà, tí olówó ẹ̀ sì fẹ́ gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pọ́n-ùn lé e torí heat pump nìkan, ẹni kejì yẹn ni kó san án. Ẹni àkọ́kọ́, kó mú èyí tí kò ní in, kó ṣáà rí i pé síìtì ẹ̀ ń gbóná, kó fi owó tó kù ra táyà òtútù.